Ọmọ Tí A Kò Kì Lẹ́nu Ìloro

Ọkùnrin kan wà, baálé agbo ilé ńlá kan ni. Lọ́dọọdún, nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, a máa ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ilé kí wọ́n wá jẹun pọ̀ nínú àgbàlá. Àṣà kan sì wà tí wọn kì í fò. Bí ọmọ ilé bá dé ẹnu ìloro, yóò dúró. Ìyálé, obìnrin tí ó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé, yóò kì í ní oríkì tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ọn láti kékeré. Ìgbà tí ó bá kì í tán ni yóò tó wọlé. Ẹni tí a kò bá kì, àlejò ni.

Ọmọ ilé kan wà tí ń jẹ́ Àdìgún. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, ìyálé yìí ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó di géńdé, gbogbo ilé mọ̀ pé ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, àti pé òun àti ọkùnrin kan jọ ń gbé ní ìlú kejì, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Àwọn kan ní kí baálé má ṣe ránṣẹ́ sí i mọ́. Baálé kò gbà. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Kò sí ẹni tí yóò lé e." Inú rẹ̀ dùn pé òun ṣe ohun rere.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, ó pe ìyálé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, bí Àdìgún bá dé, ẹ má kì í. Ẹ jẹ́ kó rọra wọlé, kí àwọn èèyàn má baà máa sọ̀rọ̀."

Ìyá náà wò ó. "Kí n dákẹ́ lójú ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n?"

"Ẹ ní sùúrù. Tó bá di àmọ́dún, a ó wò ó."

Àdìgún dé pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ìloro bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó dúró pẹ́. Ìyálé tẹrí ba, ó ń fi ìṣẹ́tí ìró nu ojú. Ìbátan Àdìgún kan ké láti inú àgbàlá pé, "Bọ̀dá, ẹ wọlé jàre, àbí ìyàwó lẹ ń dúró dè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún Àdìgún ní àga. Ní ti ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n ní kí ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn lóde. Wọ́n bu iyán fún àwọn méjèèjì, iyán náà sì pọ̀. Àdìgún gbé àwo tirẹ̀, ó lọ bá a níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọdún kejì. Ní ọdún kẹta, Àdìgún kò wá. Ìyálé jókòó sẹ́nu ìloro títí oòrùn fi wọ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà. Kí iṣu mìíràn tó jáde, ó kú.

Ikú rẹ̀ dun baálé wọra. Ó ránṣẹ́ sí Àdìgún pé: "Máa bọ̀ nílé, ìwọ àti ẹni rẹ. Mo ti ṣẹ̀ ọ́. Lọ́dún yìí, a ó kì ọ́."

Àwọn méjèèjì wá. Àdìgún dúró lẹ́nu ìloro. Baálé wo ìyàwó ilé kan, ó wo òmíràn. Kò sí ẹni tí ó lanu. Ìyálé ti kọ́ ìyàwó tí ó tẹ̀ lé e ní oríkì àwọn ọmọ yòókù. Ní ti oríkì Àdìgún, baálé ti ní kí ìyálé dákẹ́, ó sì dákẹ́. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ nígbà kan rí ti gbàgbé.

Ẹnìkejì Àdìgún ti ń lọ sábẹ́ igi ọsàn, bí ó ti máa ń ṣe. Ó yí padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ díẹ̀ nínú oríkì rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún mi bí àárò ilé bá ń sọ ọ́."

Ó dúró ti Àdìgún, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Àdìgún, ọmọ tí òjò kí káàbọ̀,
Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé,
Arẹwà tí ìyá rẹ̀…"

Ibẹ̀ ni ó dúró, nítorí ibẹ̀ ni Àdìgún fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n dé. Gbogbo agbo ilé ń retí ìyókù. Ìyókù ti wọ ilẹ̀ lọ. Baálé di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú, ó mú wọn wọlé, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, ìwọ ni àdúgbò fi ètò àpèjọ ọdún lé lọ́wọ́. O sọ fún mi pé àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, àti àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin, wà láàrin yín. O ní ẹ kò lé wọn, o ní ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́. Baálé náà kò lé ẹnikẹ́ni. Padà lọ wo ibi tí o fi ìjókòó wọn sí. Bi ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà léèrè bóyá ó mọ orúkọ wọn, àti orúkọ ẹni tí wọ́n mú wá. Bí ẹnì kan bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Má sì sọ fún mi pé ó di àmọ́dún. Ẹni tí ó lè pè wọ́n wọlé lè má sí mọ́ nígbà náà, àwọn náà sì lè má wá mọ́.