Èèrà Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ládépò

Èèrà máa ń ṣù bo ibi tí Bàbá Ládépò bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Bàbá ra kẹrosíìnì, ó ń dà á lé wọn lórí láràárọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ládépò, ṣúgà ló wà nínú ìtọ̀ yín. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

"Ṣé kí èèrà wá gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, ojú rẹ̀ sì ń di bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ládépò, wá wò ó! Wọ́n ti tán."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Èèrà ti gùn ún dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, Bàbá ò mọ̀ ọ́n lára. Obìnrin náà gbọ̀n wọ́n dànù, ó fà á lọ́wọ́, ó di ọsibítù.