Ehoro àti Ìmọ̀ Abẹ́ Igbá

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Àgbà tó ń tòògbé náà, kó lajú, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó sùn níbi ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ehoro ni àlọ́ mi bá wí.

Ní ìgbà kan rí, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń da ìlú ẹranko láàmú. Bí wọ́n bá fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn, á dènà, á tú u wò, á sì dì í padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ ibi tí Ìyá Àparò yé ẹyin sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kó wọn jẹ.

Wọ́n gbọ́ pé Òwìwí, lódìkejì odò, mọ àrokò kan tí amí kò lè yọjú wò kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Wọ́n rán Ehoro àti Ìgbín lọ kọ́ ọ, kí wọ́n wá fi kọ́ gbogbo ìlú.

Òwìwí ń kọ́ni, Ehoro ń hanrun. Nígbà tó jí, gbólóhùn kan péré ló dì mú; ó sáré wálé. Ó mọ̀ pé kí Ìgbín tó dé, ọdún á ti yípo. Ó wá òkòtó kan, èyí tí ẹ̀yin ọmọ fi ń ṣeré, ó fi igbá bò ó.

"Ìmọ̀ náà ló wà níbí. Ẹ má ṣí i o. Ó dojú bolẹ̀, ó tún dojú sókè. Ẹni bá fẹ́ bèèrè, kó gbé agbọ̀n ẹ̀pà wá."

Kí ọdún tó yípo, ẹ̀pà ti kún àká rẹ̀. Ìyá Àparò gbé èyí tó fẹ́ gbìn wá. "Ẹ̀gbọ́n, mo tún ti ń ṣaba. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń ṣe é?"

Ehoro kò mọ̀ ọ́n. Ó wúkọ́. "Ó jinlẹ̀ ju ọpọlọ àparò lọ." Ó gba ẹ̀pà. Ìyá Àparò sunkún relé. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọjọ́ kejì, ta ló wọ́ dé? Ìgbín ni. Ó gbọ́ ẹjọ́, ó ṣí igbá, ó sì yí òkòtó náà lórí àpáta.

"Bó ṣe ń yí yìí, ṣé ó dojú bolẹ̀ ni àbí ó dojú sókè?"

"Kò tíì jẹ́ ọ̀kankan," ni Ìyá Àparò wí.

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án, òkòtó ṣubú.

"Òkòtó kàn jọ ọ́ ni," ni Ìgbín wí. "Ohun tí Òwìwí ń kó sínú àrokò kéré ju eruku lọ. Níbẹ̀, wíwò lásán ti tó láti bì í ṣubú. Bí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá yọjú wò ó lọ́nà, bó ṣe kúrò àti bó ṣe dé kò ní bára mu mọ́, a ó mọ̀, ẹ ó sì kó ẹyin yín lọ síbòmíràn. Àbí, Ehoro?"

"Ohun tí mo fẹ́ẹ́ sọ gan-an nìyẹn," ni Ehoro wí.

Ẹ̀rín pa wọ́n. Inú bí wọn pẹ̀lú. Kálukú gbọ̀nà àká lọ kó ẹ̀pà rẹ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yọjú wo àrokò lóṣù náà, wọ́n mọ̀, wọ́n sì kó ẹyin kúrò. Ọmọ méje ni Ìyá Àparò pa. Ìgbín ń kọ́ tọmọdé tàgbà nírọ̀lẹ́. Ehoro náà yọ́ wá, ó ba sẹ́yìn àwọn ọmọdé. Etí rẹ̀ ni kò rí ibi tọ́jú sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ síwájú," ni Ìyá Àparò wí. "Ohun tó bá rú yín lójú, ẹ bèèrè. Ọ̀fẹ́ ni."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ìmọ̀ tí ìlú rán ọ lọ kọ́, ti ìlú ni. Ẹni tí kò bá sì lè fi ọ̀rọ̀ tó yé ọmọdé sọ ohun tó ní òun mọ̀, ẹ ṣí igbá rẹ̀ wò.