Ta Ló Gbé Adìẹ Sórí Okùn?

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Bí tọkọtaya bá ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn, òwe yìí la ó pa. Bí onílé àti ayálégbé bá ń kíra wọn láìrẹ́rìn-ín, òun náà la ó pa. Ṣùgbọ́n kí ni adìẹ ń wá lórí okùn? Ewúrẹ́ la mọ̀ mọ́ okùn. Orí igi ni adìẹ ń sùn. Bó bá sì ṣèèṣì bà síbi tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣebí ó ní ìyẹ́, ṣebí ilẹ̀ kò jìnnà? Kí ló dé tí kò fò sílẹ̀? Bí ẹ bá bi àwọn àgbà tó ń pa òwe náà, wọ́n á mi orí, wọ́n á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n á sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a kò ní irùngbọ̀n sọ ọ́.

Ní ìlú Òkè-Ìgìrì, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan wà tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ẹgbẹ́ Kí-ló-dé. Kúfọrìjì onígbàjámọ̀ ni olórí wọn, nítorí pé ẹni tó bá ti gbé orí sílẹ̀ fún abẹ rẹ̀ kò lè sá fún ìbéèrè rẹ̀. Ládèpò ẹlẹ́mu ni èkejì. Àdìgún, àgbẹ̀ oníṣu, ni ẹ̀kẹta, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń rí tí wọ́n ń kọjá, àwọn mẹ́ta yìí á dúró tì í. Kí ló dé tí òbúkọ fi ń hu irùngbọ̀n nígbà tí kò tíì mọ nǹkan kan? Ṣé ẹni tó ń hanrun máa ń gbọ́ ara rẹ̀? Wọ́n lọ bi bàbá Kúfọrìjì ní èyí níbi tó ti ń hanrun lọ́wọ́, bàbá náà sì fi ọ̀pá dá wọn lóhùn. Nígbà kan, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbín mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n fi ẹfun sàmì sẹ́yìn ìgbín mẹ́ta, wọ́n lọ tú wọn sílẹ̀ lóko. Orí ààtàn ìyá Ládèpò ni wọ́n ti padà rí ìkarahun wọn.

"Ìgbín mọ ọ̀nà ilé," ni Kúfọrìjì wí. "Ilé ta ni la ò bi í."

Inú Àdìgún a máa dùn sí ẹgbẹ́ yìí ju bó ti yẹ lọ. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán lòun nìkan ń bá iṣu sọ̀rọ̀, iṣu kì í sì í dáni lóhùn. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí à ń wí yìí, nǹkan mìíràn tún wà lọ́kàn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó sùn. Ó fẹ́ fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ìyá aláró. Bàbá ọmọbìnrin náà ti kú, àwọn ẹbí sì ti sọ pé ohun tí ìyá bá wí labẹ́ gé. Ìyá náà ṣòro. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí aró, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ Kúfọrìjì lọ.

"Àdìgún," ni Ìyá aláró wí nígbà tí Àdìgún lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, "mo ti gbọ́ nípa ìgbín. Mo ti gbọ́ nípa ọ̀pá. Ẹni tó dúró ti òbúkọ nítorí irùngbọ̀n, ṣé yóò rántí pé ìyàwó òun kò tíì jẹun?"

Ó gbé àgbébọ̀ adìẹ pupa kan lé e lọ́wọ́. Àṣà ìlú ni pé èèyàn lè gbé adìẹ fún ẹlòmíràn sìn, bó bá sì pamọ, wọ́n á pín ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ìyá aláró ju pípín lọ.

"Bó bá yé, tó sàba, tó pamọ lọ́wọ́ rẹ, wá bá mi ká sọ̀rọ̀. Bó bá ṣòfò, má wulẹ̀ wá. N kò sì ní dá ọjọ́ tí n ó wá wò ó."

Àdìgún tọ́jú adìẹ náà bí ojú. Àgbàdo tó dára jù lọ ni ó ń fún un jẹ. Ó ń gbé e káàkiri bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, títí adìẹ náà fi fẹ́ gbàgbé pé adìẹ lòun. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí yé, Àdìgún ń lọ ròyìn ẹyin kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló yé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ajá Kúfọrìjì, Tanímọ̀la, nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn adìẹ aládùúgbò ti ń gun orí igi ọsàn lọ sùn.

"Ẹ wò ó," ni Kúfọrìjì wí. "Lánàá, ọkùnrin kan sùn lọ níbi tí mo ti ń fá a lórí. Orí àpótí ló wà, ó sì ṣubú yakata. Adìẹ ń sùn lórí ẹ̀ka títí ilẹ̀ fi ń mọ́, kì í ṣubú. Kí ló dé?"

Ládèpò jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí kàn án. "Bí mo bá mọ àṣírí yẹn, màá máa rẹjú díẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló di igi mú."

"Ẹni tó sùn kì í di nǹkan mú," ni Àdìgún fèsì. "Di igbá ẹmu mú kí o sùn lọ, ká wò ó. Igi ló mú adìẹ. Èèpo igi rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ adìẹ náà rí gbágungbàgun, wọ́n há mọ́ra."

"Kò le rárá," ni Kúfọrìjì wí. "Ẹ jẹ́ ká mú igi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ká ta okùn, ká gbé adìẹ lé e. Bó bá jẹ́ igi ló ń mú un, yóò ṣubú. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, yóò sùn."

Wọ́n wo igbà Ládèpò, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo adìẹ pupa tó jókòó sórí itan Àdìgún.

"Adìẹ yìí kọ́," ni Àdìgún wí.

"Èwo ló kù tó ń jẹ́ ká fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn."

"Adìẹ la fẹ́ gbé sórí okùn, a ò ní gbé Àwẹ̀ró," ni Kúfọrìjì wí. "Àbí adìẹ gan-an lo fẹ́ fi ṣaya ni?"

Ládèpò bú sẹ́rìn-ín, Àdìgún náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ mọ̀.

Wọ́n ta igbà náà láti ara òpó àká dé ara igi ọsàn, ó ga ju orí èèyàn lọ díẹ̀. "Ẹ ṣe kíá o," ni Ládèpò wí, "ẹmu ìrọ̀lẹ́ ń dúró dè mí." Àdìgún rọra gbé adìẹ lé e.

Ẹsẹ̀ adìẹ di okùn mú. Okùn fì síwájú, adìẹ fì sẹ́yìn. Okùn padà sẹ́yìn, adìẹ doríkodò síwájú, ó sì na ìyẹ́ méjèèjì bí ìyá àgbà tó fẹ́ kọjá lórí afárá. Ó fẹ́ lóṣòó kó sinmi, okùn sá lọ lábẹ́ rẹ̀. Ó tún dìde. Kò ṣubú, kò sì sùn. Kúfọrìjì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Tanímọ̀la náà dìde, ó wá jókòó lábẹ́ okùn, ó gbójú sókè.

"Kò ṣubú," ni Ládèpò wí. "Mo borí."

"Kò sùn," ni Àdìgún dá a lóhùn. "Kí lo borí níbẹ̀?"

Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà báyìí nígbà tí ẹ̀rín kúrò lójú Ládèpò. Okùn ti ń ké kìín-kìín lára òpó.

"Ẹ jọ̀ọ́, okùn mi. Òun nìkan ló wà láàárín èmi àti ilẹ̀ bí mo bá wà lókè ọ̀pẹ. Ẹ gbé adìẹ yín kúrò lórí rẹ̀."

Àdìgún na ọwọ́. Adìẹ lu ìyẹ́ pàpàpà, díẹ̀ ló kù kó fò kọjá ọgbà sínú igbó tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbé. Àdìgún fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó rí Àwẹ̀ró lọ́kàn rẹ̀, níbi tó ti ń wọ ilé ọkùnrin mìíràn lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ohùn kan wí lẹ́yìn wọn.

Ìyá aláró ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ajá nìkan ni kò kí i. Kúfọrìjì, tí ẹnu rẹ̀ kì í kú, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ igi àti ẹsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, kò dá a dúró.

"Ajá ta nìyẹn?" ló béèrè.

"Tèmi ni, Ìyá."

"Kí ló ń wò lókè?"

Kúfọrìjì súfèé pe ajá náà, ajá kò kúrò níbẹ̀.

"Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tí kò jẹ́ kí adìẹ sùn. Bí ẹni tí yóò jẹ yín bá jókòó sábẹ́ ibùsùn yín, tó yanu sílẹ̀, ṣé ẹ ó sùn? Ṣé ẹ ó sọ̀ kalẹ̀?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ajá. Tanímọ̀la mi ìrù. Ìtìjú mú Àdìgún débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ," ni Ìyá aláró wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀ nìkan lara rọ̀."

Ó lé ajá lọ, ó tẹ́ etí aṣọ rẹ̀ sábẹ́ okùn, ó sì fẹnu pe adìẹ. Adìẹ bọ́ sínú aṣọ náà bíi pé ibẹ̀ ló ti ń lọ látàárọ̀. Ìyá gbá a mọ́ abíyá.

"Mo ti gba adìẹ mi."

Àdìgún mọ ohun tó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, Ìyá kò yíjú. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ká tó lọ."

"Béèrè."

"Ta ló wá borí nínú wọn?"

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Òun tó rò pé mẹ́ta ni Ẹgbẹ́ Kí-ló-dé, mẹ́rin ni wọ́n, ó sì ti ń fi oúnjẹ bọ́ ẹ̀kẹrin láti kékeré.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá fúnra rẹ̀ ti bọ́ sórí okùn. Bó bá fún Àdìgún lọ́mọ, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Bí kò bá fún un, Àwẹ̀ró kò ní jẹ́ kó sinmi. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí Àdìgún máa wá pọnmi ní àgbàlá aró òun títí adìẹ yóò fi pamọ níṣojú òun. Àdìgún ń pọnmi, ó ń ru eérú, èéfín ń ta á lójú. "O dé?" "Mo dé, Ìyá." Ọ̀rọ̀ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kúfọrìjì ní tirẹ̀ ti ròyìn ọ̀rọ̀ Ìyá fún gbogbo orí tó fá. Àwọn tó ń kọjá lójúde á rí ìyá àti àna tí kì í ṣe àna, wọ́n á ní, "Adìẹ bà lókùn o," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín kọjá lọ.

Nígbà tí adìẹ pamọ, Ìyá aláró pe àwọn ẹbí jọ, ó sì pa àkùkọ kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ti ìdùnnú ni tàbí ti ìdágbére. Àdìgún ni ó ní kó tu ìyẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gé ẹsẹ̀ àkùkọ náà, ó rí iṣan funfun kan tó yọ jáde lójú gígé náà. Kò mọ ìgbà tó fà á. Ìka ẹsẹ̀ náà ká wọlé, wọ́n di afẹ́fẹ́ mú.

"Mo ti rí i!" ló pariwo.

Ìyá sáré jáde, ó rò pé ó ti gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ wò ó! Bí adìẹ bá ti lóṣòó, iṣan yìí ló ń fà. Ẹsẹ̀ á di igi mú fúnra rẹ̀, ì báà sùn, ì báà jí. Lórí okùn, kò ráyè lóṣòó!" Ìgbà yẹn ló tó rántí ibi tó wà. Ó gbé ẹsẹ̀ adìẹ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sáàárín ìyẹ́. Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá aláró tẹ̀ba mọ́lẹ̀.

"Fà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Àdìgún fà á. Ìka ká wọlé. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á fúnra rẹ̀, ó tún fà á. Ó wo ẹ̀yìn bóyá àwọn ẹbí ń wo òun.

"Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ń dà mí láàmú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bí mo bá yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ń ní. Kí n tó sá a tán, ó ti dúdú. N kò ṣe nǹkan kan sí i mọ́, afẹ́fẹ́ nìkan ló kàn án. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń wò ó. Kí ló dé?"

Àdìgún gbójú sókè. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"N kò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ṣùgbọ́n a lè jọ wò ó."

"Ó dáa. Jẹ́ kí àwọn ẹbí jẹun, kí wọ́n sì gba obì ìdána lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá ti lọ tán, kí o pe Kúfọrìjì àti Ládèpò wá." Ó dìde, ó gbọn ìyẹ́ kúrò láṣọ. "Kí Kúfọrìjì fi ajá rẹ̀ sílé."

Adìẹ kò fúnra rẹ̀ bà lókùn, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí: wọ́n gbé e lé e ni. Kò sì fò sílẹ̀ nítorí ohun tó jókòó sílẹ̀ dè é. Bí ẹ bá tún rí ẹni méjì tí wọ́n wà pọ̀ tí ìrọ̀rùn kò sí, kí ẹ tó mi orí, kí ẹ tó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ẹ wo ìsàlẹ̀ ná. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ kọ́kọ́ lé ajá.