Òkúta Ìdí Òwú

Ọkùnrin kan wà, ahunṣọ ni. Ojúde ilé rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́jú, nítorí òwú òfì kò fẹ́ ibi tí ó há. Bí o bá ti dé ilé ahunṣọ rí, wàá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ahunṣọ á jókòó sídìí òfì, òwú rẹ̀ á nà jáde níwájú rẹ̀ títí dé òdì kejì ojúde. Níbi tí òwú náà parí sí, wọ́n á so ó mọ́ pátákó kékeré kan nílẹ̀, wọ́n á gbé òkúta lé pátákó náà. Òkúta yẹn ni kì í jẹ́ kí òwú dẹ̀. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun, tí ó ń ká aṣọ sọ́dọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin yìí àti ìyàwó rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá wá ọmọ. Nígbà tí Ọlọ́run máa dá wọn lóhùn, obìnrin ni ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Oríkì tí wọ́n fún un ni Àwẹ̀ró, òun náà ni gbogbo ilé sì ń pè é. Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ rìn náà ni ó sáré, láti ọjọ́ náà kò sì sẹ́ni tó rí i kí ó jókòó. Rán an ní iyọ̀, ẹyẹlé ni yóò bá lọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, kò ní tíì parí rẹ̀ tí yóò fi bọ́ sí òmíràn. Ìbéèrè ẹnu rẹ̀ kì í tán. "Bàbá, kí ló dé tí ewúrẹ́ ní irùngbọ̀n tí Màmá ò ní?" Kí bàbá tó la ẹnu, ọmọ ti dé ẹ̀yìn ilé.

Gbogbo ìyẹn ń pa bàbá rẹ̀ lẹ́rìn-ín títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Níbẹ̀, kò lè jókòó kí wọ́n fi kọ ìlà mẹ́ta sójú pátákó. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún méje, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kàwé, òun kò tíì mọ̀ ju lẹ́tà mélòó kan lọ. Wọ́n nà án, kò yí nǹkan kan padà. Àwọn ọmọ kò fẹ́ bá a ṣeré mọ́, nítorí eré kì í dé òpin lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí bàbá rẹ̀ wá láti abúlé, ó ní ẹgba kò tíì tó ni. Ó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó jẹ iyán tán, ó sì padà sí abúlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àwẹ̀ró sáré wọ inú òwú bàbá rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, aṣọ ìyàwó ni ó wà lórí òfì, ó sì ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbéyàwó. Òwú já yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti lù ú.

"Bàbá, ẹsẹ̀ mi ti sáré kí n tó mọ̀ ni," ọmọ náà wí. Ó ń sunkún. "Mo fẹ́ dúró. Kò kàn dúró fún mi ni."

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Títí oòrùn fi wọ̀ ni ó fi ń so òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò sì kúrò ní etí rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan yẹ ọmọ náà wò, ó bi wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ó sì pe orúkọ òyìnbó gígùn kan. Ó ní kì í ṣe agídí, kì í ṣe àìlọ́gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó fi ṣe é. Ó ní ọgbọ́n pọ̀ lórí ọmọ náà, ohun tí yóò mú un dúró lójú kan ni kò lágbára tó. Kò kọ́kọ́ dárúkọ oògùn. Ó ní kí wọ́n máa rán an ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa yìn ín bí ó bá ṣe é, kí olùkọ́ gbé e sí ìjókòó iwájú, kí ó sì máa jẹ́ kí ó dìde na ẹsẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Nílé, ó sàn díẹ̀. Ní iléèwé, ibi tí ó wà náà ni ó ṣì wà. Ìgbà náà ni dókítà wá ní oògùn kan wà tí àwọn lè dán wò.

Ahunṣọ ní rárá.

Kì í ṣe pé ó kórìíra oògùn o. Òun fúnra rẹ̀ ń gbé ti ẹ̀jẹ̀ ríru mì láràárọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi mọ bí ilé tí kò lọ́mọ ṣe ń dákẹ́. Ó máa ń gbọ́ tí òfì òun nìkan ń dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó rò ó pé bí oògùn yìí bá wọlé, ìdákẹ́jẹ́ ọdún mọ́kànlá yẹn yóò tẹ̀ lé e wọlé, Àwẹ̀ró rẹ̀ yóò sì lọ níṣojú òun.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, ariwo ọmọ yìí dùn mọ́ ọ, ó dùn mọ́ èmi náà. Ṣé ó dùn mọ́ ọn? Kò ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo." Ọkùnrin náà padà sídìí òfì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó gbà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Àwẹ̀ró jókòó. Ó jókòó ju bí wọ́n ṣe ń fẹ́ lọ. Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ewúrẹ́ kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ, ó ń dẹtí sí ẹsẹ̀ tí kò sáré. Ariwo tí ó ti ń bẹ̀ kí ó dẹwọ́, àárò rẹ̀ wá ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìdálẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, kò lè fara dà á mọ́. Ó dìde, ó mú páálí oògùn náà, ó kọrí sí ṣáláńgá.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń ká òwú. Kò pariwo.

"Nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ parí," ó ní, "wọ́n gbé òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá fún ọ. Òkúta tí o fi ń hun òwú tó nípọn náà ni o gbé lé e. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó já."

"Ṣé o wá ní o ò tún ní gbé òkúta lé òwú mọ́ láyé ni?"

Ọkùnrin náà dúró.

"Èyí tó kéré lo gbé lé e," obìnrin náà wí. "O wá ń fọwọ́ kan òwú náà ṣáá, bóyá ó le jù, bóyá ó dẹ̀ jù. Mo rí ọ. Àfẹ́sọ́nà ni wá nígbà náà, o ò tiẹ̀ wojú mi. Lọ sọ fún dókítà pé òkúta yìí wúwo."

Bàbá ti páálí náà bọ àpò. Lọ́jọ́ kejì, ó wà lọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó sọ ohun gbogbo tí ó rí, ti oúnjẹ, ti ìdákẹ́jẹ́, ti ewúrẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín sí ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dín oògùn náà kù, ó sì ní kí ọmọ máa jẹun kí ó tó lò ó. Wọ́n padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún un tò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan. Ahunṣọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwẹ̀ró wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó má baà lé e, bí ẹni tí ẹyẹ bà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́.

"Bàbá, òkúta yẹn ń rìn."

Ọwọ́ ahunṣọ dúró. "Òkúta wo?"

"Èyí tó wà lórí pátákó. Ìdí ìbẹ́pẹ ló wà nígbà tí mo jókòó. Ó ti kúrò níbẹ̀."

Ọdún méje ni ọmọ yìí ti ń fò kọjá lórí òkúta náà. Kò rí i rí kí ó rìn, nítorí ìrìn rẹ̀ kì í hàn sí ẹni tí ń sáré. Omi bo ojú bàbá rẹ̀. Kò jẹ́ kí ó dà sórí aṣọ oníbàárà rẹ̀.

"Ṣé ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀?" Àwẹ̀ró tún bi í. "Ta ló ń pè é? Ṣé ọ̀nà ò jìn fún un?"

Ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró gbọ́ èsì.

Ìwọ ìyá tí o jókòó síwájú mi yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Láti ìgbà tí o ti dé, o ti yọ ìwé oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ rẹ wò lẹ́ẹ̀mẹta, o sì tún ti ká a padà sínú báàgì. Mi ò ní kí o fún ọmọ rẹ ní oògùn, mi ò sì ní kí o má fún un. Òwú tèmi kọ́. Òwú kan wà tí òkúta kékeré tó fún, òmíràn wà tí wọ́n ní láti wá nǹkan mìíràn fún pátápátá. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bá ọ pinnu, má sì jẹ́ kí àǹtí tí yóò jẹ iyán tán tí yóò sì lọ bá ọ pinnu. Bí o bá gbà á, má fi ọwọ́ ara rẹ bù kún un, má sì dá a dúró fúnra rẹ. Jókòó ti ọmọ rẹ, máa fọwọ́ kan òwú náà, kí o sì lọ sọ ohun tí o bá rí, ìbáà ṣe ti ewúrẹ́. Ọmọ tí ó dákẹ́ kọ́ ni o ń wá. Mo mọ ọmọ tí àárò rẹ̀ ń sọ ìwọ náà. Ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ, ó kàn ń rọra wọ́ bọ̀ ni. Ìwọ náà, jókòó, kí o lè rí i.