Ẹ̀rọ Orin tí Aya Awọnlẹ̀ Yàn

Ọkùnrin kan wà ní Iléṣà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ilẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó orin. Nínú pálọ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ tí ń lu àwo orin, ó ní èyí tí ń lu sídì, ó ní rédíò, ó sì ní àpótí kékeré kan tí ń gba orin láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ló so mọ́ ẹ̀rọ wíwúwo kan tí ń fún sípíkà méjì lágbára. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin nínú ilé náà yóò tan nǹkan mẹ́ta, yóò yí bọ́tìnnì méjì, yóò sì mọ èyí tó yẹ kí ó fi ṣáájú.

Ìyàwó rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Mojírádé, ti fi ìgbà kan rí jẹ́ olùkọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Òun náà fẹ́ràn orin, bóyá ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àìsàn kan mú un lójú. Àwọn dókítà ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe, ojú náà kò dá. Láàárín ọdún mẹ́ta, kò ríran mọ́ rárá. Obìnrin náà sunkún, ó sì nu omijé rẹ̀ nù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé rẹ̀ ní àkọ̀tun. Ó mọ iye ìṣísẹ̀ láti yàrá dé kíṣìnnì. Ó ń se ọbẹ̀, ó ń ká aṣọ, ó ń mú ara rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ orin inú pálọ̀ nìkan ni kò rí kọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ó wu obìnrin náà láti gbọ́ orin. Ó fọwọ́ tá àwọn ẹ̀rọ náà wò, ó tẹ èyí, ó yí ìyẹn. Lójijì, ariwo ńlá kan bú jáde, sípíkà kan sì ya. Àkókò náà gan-an ni ọkọ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn wọlé.

Ó ní, "Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án? Ṣé o kò mọ̀ pé o kò ríran ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun òun tìkára rẹ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì. Ó ra sípíkà mìíràn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkigbà tó bá ti òde dé, yóò bá ìyàwó rẹ̀ lórí àga, ilé á pa rọ́rọ́. Bó bá bi í pé kí ló ń ṣe, ìyàwó á ní, "Mò ń sinmi ni, Bàbá Mojírádé." Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá, ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́kàn ọkùnrin náà. Ó pinnu láti ṣe àtúnṣe.

Ó gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó lè gba iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe. Ẹ̀rọ yìí máa ń gba orin láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń gba rédíò, a sì lè so ẹ̀rọ àwo àti ti sídì mọ́ ọn. Òun ni yóò máa dín ohùn kù tàbí kí ó fi kún un, kí ó tó gbé e fún ẹ̀rọ wíwúwo nì. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní ẹ̀rọ báyìí ló yẹ ìyàwó òun.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàn án bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ó ra ìwé nóòtù, ó fa ìlà sí i. Ó kọ bí ohùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti mọ́ tó. Ó kọ iye ojú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Ó kọ bóyá ó ń gba orin láti inú fóònù, àti bóyá àwọn tó ṣe é ṣì ń tún inú rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, nítorí ó ti gbọ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọn kì í gba orin mọ́ bí ẹni tó ṣe wọ́n bá ti pa wọ́n tì. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó bi ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ Mojírádé tó wà lókè òkun. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Gbogbo èèyàn ló bi léèrè, àfi obìnrin tó wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó bá a lójijì, kí inú rẹ̀ lè dùn.

Níkẹyìn, ó mú ọ̀kan. Iwájú ẹ̀rọ náà jẹ́ gíláàsì tó ń dán, kò sí bọ́tìnnì kankan lára rẹ̀. Bí èèyàn bá ti fi ìka kàn án, yóò ṣiṣẹ́. Àwòrán olórin á sì hàn gbangba lójú rẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó sì ń tún wọn ṣe. Obìnrin náà tan ẹ̀rọ gíláàsì náà fún un. Orin jáde, ó dùn létí. Ọkùnrin náà mi orí pé ó dára.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù bi í pé, "Ẹ̀yin lẹ máa lò ó jù ni, sà, àbí àwọn ọmọ?"

Ó ní, "Ìyàwó mi ni. Òun ni mo fẹ́ kó máa lò ó nígbà tí mi ò bá sí nílé. Kò ríran."

Obìnrin náà sún ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dijú. Ẹ má ṣí i o. Ẹ bá mi dín ohùn orin yìí kù."

Ọkùnrin náà dijú. Ó na ọwọ́. Gíláàsì náà tutù, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sí ibi kan tó yàtọ̀ sí ibòmíràn. Ó fi ìka fà á sí apá kan. Orin náà bú sókè gbàù. Ó wá ibi tí yóò tẹ̀, kò rí i. Ó ń fọwọ́ gbá gíláàsì náà títí tí obìnrin náà fi bá a pa á.

Nígbà tó lajú, òógùn ti bò ó. Ohun tó ń gbọ́ létí kì í ṣe orin mọ́. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́, tó ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, kò ra nǹkan kan, ó sì padà sí Iléṣà.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó tì í. Ó ní, "Ìyá Mojí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ tí sípíkà ya. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí àwo ẹ̀wà. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan yín mọ́ ni. Mo wá ní kí n jókòó jẹ́ẹ́."

"Ó lé ní ọdún kan! O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ bi mí?"

Ọkùnrin náà gbé ìwé nóòtù rẹ̀ jáde. Ó sọ gbogbo ohun tó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́rin fún un, ó sì ka ìwé nóòtù náà sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi iye ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ, obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Ìbàdàn. Oníṣọ́ọ̀bù to ẹ̀rọ mẹ́ta sórí tábìlì. Ìyá Mojírádé fi ọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ kò rò rí.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tàn? Ṣé ọwọ́ mi lè mọ bọ́tìnnì àwo yàtọ̀ sí ti rédíò? Ẹ gbọ́ ná: bí iná bá lọ, tó sì padà dé, níbo ni ohùn rẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ní, "Mọ́mì, láti ọjọ́ tí mo ti ń ta ọjà, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní èyí rí." Ó yọ wáyà wọn lára ògiri, ó sì tún ki wọ́n bọ̀ ọ́. Èkíní padà pẹ̀lú ariwo, gbogbo wọn ta gìrì. Èkejì kò tàn mọ́ àfi tí wọ́n lo fóònù. Ẹ̀kẹta, tó dúdú, tí kò sì lẹ́wà rárá, padà pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní bọ́tìnnì ńlá kan tí a ń yí láti dín ohùn kù tàbí láti fi kún un, tí ọwọ́ ń mọ bó ti ń lọ ní ẹsẹẹsẹ. Ó tún ní bọ́tìnnì kéékèèké mẹ́fà tó yọrí síta, tí èèyàn lè fi orin tàbí rédíò tó bá wù ú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìyá Mojírádé ní, "Èyí ni tèmi."

Ọkọ rẹ̀ yẹ ìwé nóòtù rẹ̀ wò. Ipò kẹjọ ni ẹ̀rọ dúdú náà wà. Ó tẹ́tí sí i dáadáa, ó tún tẹ́tí sí ti gíláàsì, ó sì rí i pé etí òun kò lè sọ èyí tó dára ju èkejì lọ. Ó pa ìwé náà dé. Ó fi ọkàn tó fúyẹ́ rà á.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ń ti ìpàdé bọ̀. Bó ti dé ẹnu géètì, ó gbọ́ orin nínú ilé. Wọ́n pa á, wọ́n fi òmíràn sí i. Ohùn ìyàwó rẹ̀ sì ń bá a lọ lábẹ́ orin náà, ó ń kọ ọ́ bí ó ti máa ń kọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà fara ti géètì, ó mí kanlẹ̀, ó sì ń nu ojú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ké láti inú ilé pé, "Bàbá Mojírádé, mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Kí lẹ̀ ń dúró síta ṣe? Ẹ wọlé, ó ti ń lọ sí ibi tó dùn."

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, ìdí tí mo fi sọ èyí fún ọ nìyí. O sọ fún mi pé o fẹ́ kọ́ yàrá fún bàbá rẹ sí ẹ̀yìn ilé rẹ, kí ó lè kúrò ní abúlé wá bá ọ. O ti pe bíríkìlà. O ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. O fi àwòrán ilé náà hàn mí, ó sì dára. Mo bi ọ́ pé kí ni bàbá wí, o ní o kò tíì sọ fún un, pé o fẹ́ kó yà á lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ló wà nínú ìwé nóòtù ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ọdún kan kọjá lórí tìrẹ. Fóònù rẹ nìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Pe bàbá rẹ nísinsìnyí, bi í bóyá ó fẹ́ wá, kí o sì bi í ibi tó fẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Màá jáde fún ọ, kí ẹ̀yin méjèèjì lè sọ̀rọ̀.