Agolo Ayọ̀ká

Ayọ̀ká apọntí ni wọ́n rẹ́ jẹ nígbà ọdún ìjẹṣu èṣí. Ó fi ìṣó dá ihò wẹ́wẹ́ sí agolo mílíìkì lára, ó kó ewé ẹfinrin gbígbẹ sínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó ti kan, kí ọtí lè máa ta sánsán láìsí pàǹtí.

“Ohun ọba nìyí,” ni Kábíyèsí wí nígbà tó rí agolo náà. Ó gbà á, ó fi ọ̀dà kùn ún kó lè máa dán, ó sì sọ ọ́ sínú ọtí àwọn àlejò rẹ̀.

“Kábíyèsí, ọgbọ́n yín pọ̀ o!” ni àwọn ìjòyè ń wí.

Àfi bí àwọn àlejò ṣe ń tu ọtí ọ̀dà dànù. Kábíyèsí ní Ayọ̀ká ló bà á jẹ́, kò gbọdọ̀ pọntí mọ́.

Ayọ̀ká kúnlẹ̀. “Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ẹ̀yin jí agolo tèmi, ẹ fọn ọ́n lójú àlejò, gbogbo wa la gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Ó na ọwọ́ síwájú.

“Kábíyèsí, ẹ dá agolo mi padà.”