Páìpù Tí A Dè Mọ́ Òpó

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jíjó irin mọ́ irin. Ní gbogbo agbègbè rẹ̀, kò sí jórinjórin tí ojú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀. Bí ó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyí: wọn a gbé páìpù sílẹ̀, ọ̀kan a máa jó o, èkejì a máa yí i. Bí iná bá ti dé ẹ̀gbẹ́, ẹni tó ń jó o a kígbe pé, "Yí i!"

Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi lókè òkun wá òṣìṣẹ́ dé ìlú náà. Ọ̀gá yan èyí tó mọṣẹ́ jù nínú àwọn tó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dá ọmọ náà lójú pé òun ń lọ, ó sì ta ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀.

Níbi ìdánwò, wọ́n ti de páìpù mọ́ ògiri. Ọmọ náà jó òkè rẹ̀, ó dán. Iná dé ẹ̀gbẹ́, ó kígbe pé, "Yí i!" Kò sẹ́ni tó mira. Olùdánwò ní, "Ọ̀rẹ́, kà á sí pé inú ọkọ̀ lèyí wà; páìpù ibẹ̀ kì í yí. Ìwọ ni kí o yí." Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ńṣe ni irin yíyọ́ ń kán sílẹ̀ bí àbẹ́là. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Bó ṣe padà dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Ará òkè òkun, ẹ káàbọ̀ o! Ọkọ̀ ọ̀hún dà?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó de páìpù mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Iná ta sí i lọ́rùn. Irin tirẹ̀ náà kán sílẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Èmi ni mo fìdí rẹmi, kì í ṣe ìwọ. Gba ẹ̀rọ mi. Àwa méjèèjì la ó jọ kọ́ ọ."

Àwọn yòókù kùn pé, "Ọ̀gá, ta ló ń dùbúlẹ̀ jórin nílùú yìí?"

"Ẹni tó fẹ́ jáde nílùú yìí ni."

Nígbà tí àwọn akànkọ̀ náà padà wá, ọmọ náà rá wọ abẹ́ páìpù, ó jó o yí ká, kò pe ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ tí wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ lé lọ́wọ́, o ní àwọn ọmọ rẹ mọṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá wọn yí i? Lọ wo bí iṣẹ́ ṣe dúró níbi tí wọ́n ń lọ, kí o sì dè é mọ́ òpó rẹ báyìí. Wọn yóò kùn. Jẹ́ kí wọ́n kùn. Ọwọ́ wọn ká a, ọmọ tó bá sì ti jó o níbẹ̀, kò sí èbúté tí yóò ti kígbe pe ẹnikẹ́ni.